Kámẹ́rà ńlá onílẹ́ńsì yíyọ àbí kékeré inú báàgì: èwo ni kí aláṣọ òkè rà?

Abẹ̀kẹ́ Aláṣọ (Ìsẹ́yìn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó.

Aṣọ òkè ni mo ń tà ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ahunṣọ wa wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, èmi ni mo ń ya fọ́tò aṣọ tí mo sì ń gbé e sórí WhatsApp àti Instagram. Oníbàárà mi pọ̀ ní Èkó, àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan wà ní Houston. Fóònù ni mo ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹtù tí aró rẹ̀ jinlẹ̀ dáadáa á di búlúù fífẹ́ẹ́rẹ́ lórí fóònù. Sányán á di yẹ́lò. Láìpẹ́ yìí, ìyàwó kan tó ra àlàárì fún ẹbí rẹ̀ dá gbogbo ẹrù padà, ó ní èyí tí òun rí nínú fọ́tò kọ́ nìyí. Aṣọ náà dára, ahunṣọ wa kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, fọ́tò ló purọ́.

Mo ti wá pinnu pé mo máa ra kámẹ́rà gidi. Méjì ló wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni Canon EOS 2000D tuntun pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó máa ń bá a wá. Èkejì ni Canon PowerShot G7 X Mark II, tokunbọ̀, èyí tó ṣeé jù sínú báàgì. Owó kan náà ni wọ́n bọ́ sí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà wọ́n fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ máa fi ṣe: aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù (ògiri ibẹ̀ ní àwọ̀ ewé, gílóòbù kan ló wà nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà sì gba oòrùn), àwọn ahunṣọ lórí òfì, àti àwọn oníbàárà mi níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí wọ́n bá wọ aṣọ náà tán tí wọ́n wé gèlè. Ọmọ ọlọ́dún kan wà lẹ́yìn mi, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé DSLR (irú kámẹ́rà ńlá onílẹ́ńsì yíyọ bíi 2000D yẹn) ló dára jù, kí n má fowó ra kámẹ́rà ọmọdé. Ṣé òótọ́ ni?

Lánre Òṣogbo

Àǹtí, DSLR ni kí ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Ibi ìnáwó ni mo ti ń jẹun, mo sì mọ̀ pé bí èèyàn bá gbé kámẹ́rà tó wọ àtẹ́lẹwọ́ dání, kò sẹ́ni tó máa yà fún un. Ẹ gbé kámẹ́rà ńlá, ẹ fi fíláàsì lé e lórí, gbogbo ilé á mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ bá wá.

Bátìrì náà ńkọ́? Ti 2000D, ìwọ̀n tí Canon fúnra wọn kọ ni fọ́tò 500 kó tó kú. Ti G7 X Mark II jẹ́ 265. Níbi tí iná ìjọba kò ti ṣeé gbọ́kàn lé, ìyẹn nìkan tó fún mi. Àti pé bí iṣẹ́ yín bá ń gbòòrò, ẹ lè pààrọ̀ lẹ́ńsì. Kámẹ́rà kékeré, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ rà á náà ló máa wà títí ayé.

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọlá (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Abẹ̀kẹ́. Lánre, o kú iṣẹ́, ọmọ mi.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni mo ní ní Mọ́kọlá níbí, láti ìgbà tí a ṣì ń fọ fíìmù nínú yàrá dúdú. Mo ti fi kámẹ́rà ńlá jẹun, mo ti fi kékeré jẹun, méjèèjì ló wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo fìdí sí, kí n tó ṣàlàyé: lẹ́ńsì tí ẹ bá rà lé DSLR lórí ló ń sọ ọ́ di ohun tí àwọn èèyàn ń yìn. Ẹni tí kò bá ní ra lẹ́ńsì kejì, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó ra DSLR.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Nínú gbogbo kámẹ́rà òde òní, ojú kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀, sẹ́ńsọ̀ là ń pè é. Ti 2000D jẹ́ mìlímítà 22.3 ní gígùn, 14.9 ní ìbú. Ti G7 X Mark II jẹ́ 13.2 sí 8.8. Bí ẹ bá sọ méjì yìí di púpọ̀ ara wọn, ti kámẹ́rà ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti kékeré. Ìyẹn ni gbogbo ayé ń pariwo, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú lẹ́ńsì kọjá kó tó dé ibẹ̀. Lẹ́ńsì 18-55 tó ń bá 2000D wá, bí ẹ bá fi súùmù fà á dé òpin, ibi tí ẹnu rẹ̀ lè là dé kò ju f/5.6. Ti G7 X, bí ẹ bá fà á dé òpin tirẹ̀, f/2.8 ni. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ẹnu lẹ́ńsì ṣe là tó. Láti 5.6 bọ́ sí 2.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé di ìlọ́po mẹ́rin. Níbi tí ẹ kò tíì fa súùmù rárá náà, 3.5 ni tọ̀hún, 1.8 ni ti kékeré, bákan náà ló já sí.

Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ ńlá fún yín ní ìlọ́po mẹ́ta, lẹ́ńsì tó há sì gba ìlọ́po mẹ́rin lọ́wọ́ yín. Nínú gbọ̀ngán tí iná rẹ̀ kò tó, tí ẹ kò fẹ́ tan fíláàsì, kékeré yẹn á bá ńlá dọ́gba, ó tilẹ̀ lè jù ú lọ díẹ̀. Àwọn tó ń ta kámẹ́rà kì í sọ èyí fún oníbàárà, ó sì máa ń dùn mí, torí owó ńlá ni àwọn èèyàn ń kó jọ.

Ẹ wá yọ 18-55 kúrò lórí 2000D yẹn, kí ẹ fi EF 50mm f/1.8 STM tí Canon gbé jáde lọ́dún 2015 sí i. Nǹkan yípadà pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ojú oníbàárà yín á mú rekete, gbogbo àga oníke àti kúlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á di bàìbàì, gèlè nìkan ni ojú á máa wò. G7 X kò lè ṣe èyí débẹ̀. Ibẹ̀ ni DSLR ti ń gba owó rẹ̀ padà fún ẹni tó rà á.

Ìbéèrè mi sí yín wá ni pé: ṣé ẹ máa ra lẹ́ńsì yẹn? Bí ẹ bá rà á, ṣé ẹ máa lè máa gbé e kiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn? 2000D àti 18-55 rẹ̀ wọn nǹkan bíi gíráàmù 675. G7 X jẹ́ 319, pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú.

Kí n má gbàgbé: kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà kékeré ni mò ń gbè lẹ́yìn o. Ẹ máa rí irú Canon IXUS 185 lọ́jà, ẹni tó ń tà á á ní ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú G7 X, pé ó tilẹ̀ dínwó. Ẹ má rà á. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 6.17 sí 4.55 lọ, ti 2000D tó ìlọ́po méjìlá rẹ̀, fóònù tó dára lóde òní á sì ṣe iṣẹ́ jù ú lọ. Kékeré tó ní sẹ́ńsọ̀ 13.2 sí 8.8 ni mò ń sọ: àwọn G7 X àti àwọn Sony RX100.

Abẹ̀kẹ́ Aláṣọ (Ìsẹ́yìn)

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, kò tíì sí ẹni tó là á fún mi báyìí rí. Èsì mi rèé: n kò ní ra lẹ́ńsì kejì. Bí owó bá wọlé, òwú ni mo máa fi rà, torí òwú ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Mi ò sì lè máa yọ lẹ́ńsì wọ lẹ́ńsì láàárín agbo ijó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ ló ká mi lára jù. Bí G7 X bá dára nínú òkùnkùn tí ẹtù mi ṣì ń di búlúù, kí ni mo rí gbà?

Ìyá Ìbejì Peckham

Àbúrò mi, èmi ni ẹni tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ irú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò láti Lọ́ńdọ̀nù níbí kí n tó fi owó ránṣẹ́. Rye Lane kò jìnnà sí mi, mo lè lọ fọwọ́ kan aṣọ níbẹ̀ bí mo bá fẹ́. Bí mo bá ní kí n rà á tààrà láti Ìsẹ́yìn, fọ́tò ni ọwọ́ mi.

Mo fẹ́ rí aṣọ náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìsí ẹ̀ṣọ́ kankan tí fóònù fi kún un. Mo fẹ́ rí i nítòsí débi pé mo lè rí bí òwú ṣe ta kọ́ra, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá sányán gidi ni àbí òwú lásán tí wọ́n rẹ ní àwọ̀ sányán. Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti rán awẹ́ kan mọ́ èkejì, àti ẹ̀yìn aṣọ. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e nínú fọ́tò kan kí n lè mọ bí awẹ́ náà ṣe fẹ̀ tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan fíláàsì sí aṣọ tó ní òwú dídán nínú, ṣe ló máa ń kọ mọ̀nà tí n kò ní rí ọnà ara rẹ̀ mọ́.

Èmi kò bìkítà orúkọ tó wà lára kámẹ́rà yín.

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọlá (Ìbàdàn)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Ìyá Abẹ̀kẹ́, ẹ tẹ ohun tí wọ́n kọ yẹn sórí ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ba aṣọ yín jẹ́, kámẹ́rà kankan tí ẹ bá rà, bó ti wù kó jẹ́ olówó gọbọi, kò ní yanjú wọn fúnra rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ògiri. Ògiri aláwọ̀ ewé máa ń ju àwọ̀ rẹ̀ lu ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ gbé aṣọ funfun sí ìtòsí rẹ̀ lónìí kí ẹ wò ó, ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri ti ní ewé díẹ̀ nínú. Ojú wa máa ń fojú fo ìyẹn, kámẹ́rà kì í fojú fo nǹkan kan. Ẹ ta aṣọ funfun bo ògiri yẹn, tàbí kí ẹ gbé iṣẹ́ yín jáde sí ibòji.

Lẹ́yìn náà, gílóòbù. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yín lè pọ́n, èyí tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní búlúù nínú. Bí méjèèjì bá pàdé lórí aṣọ kan, kámẹ́rà kò mọ èyí tí ó máa tẹ̀ lé, ibẹ̀ ni sányán yín ti ń di yẹ́lò. Ẹ pa gílóòbù nígbà tí ẹ bá ń ya aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan tó, pàápàá láàárọ̀ kí oòrùn tó gun òkè orí, tàbí nígbà tó bá ti ń rọ̀ lọ́sàn-án.

Bí ẹ bá ti wà nínú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo báyìí, ẹ mú bébà funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí aṣọ máa wà gan-an. Ẹ lọ sínú ibi tí wọ́n kọ White Balance sí nínú kámẹ́rà, ẹ wá Custom, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wo bébà yẹn. Ẹ ti sọ fún un pé: èyí ni funfun níbí lónìí. Gbogbo àwọ̀ yòókù á tò lẹ́yìn rẹ̀. Bí oòrùn bá sún, tàbí tí ìkùukùu bá bò ó, ẹ tún un ṣe. G7 X Mark II ní in, 2000D náà ní in, wọn kò fi ju ara wọn.

Ẹ̀kẹta ló ń bá ẹtù jà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ lóye jù lọ. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé ẹtù yẹ kó dúdú. Bí ẹ bá gbé aṣọ dúdú kún gbogbo ojú rẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó ni, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí aró tó jinlẹ̀ yẹn á fi ṣá. Bí ẹ bá gbé aṣọ funfun síwájú rẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á dín in kù, funfun á di eérú. Iṣẹ́ yín ni láti tún un ṣe. Lórí G7 X Mark II, ẹ wo òkè rẹ̀ lápá ọ̀tún, òrùka kan wà nísàlẹ̀ èyí tí a fi ń yan irú fọ́tò tí a fẹ́ yà, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i láti ìyọkúrò 3 dé àfikún 3. Fún ẹtù, ẹ yí i sí ìyọkúrò 1, ẹ yà á, ẹ gbé aṣọ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ẹ fi wé ara wọn. Bó bá ṣì ṣá, ẹ lọ sí ìyọkúrò 1 àti ààbọ̀ tàbí kọjá bẹ́ẹ̀. Fún sányán tó mọ́lẹ̀, ẹ yí i sí apá àfikún díẹ̀. Lórí 2000D, ẹ ní láti di bọ́tìnnì kan mú kí ẹ tó yí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya ẹtù, kó tó ya sányán, kó tó ya àlàárì, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ òrùka yẹn láìwò ó. Ẹ wò ó, níbi tí a dé yìí, kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ yín ju ńlá lọ.

Ní ti fọ́tò ìtòsí tí Ìyá Ìbejì bèèrè, ibẹ̀ ni mo ti ní ìkìlọ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé G7 X lè sún mọ́ nǹkan dé sẹ̀ǹtímítà 5. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ kò bá fa súùmù ló rí bẹ́ẹ̀, òjìji kámẹ́rà àti ti ọwọ́ yín á wà lórí aṣọ, etí aṣọ á sì wọ́. Ẹ fa súùmù dé òpin, kí ẹ dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, kí ẹ gé ààrin fọ́tò náà bí ẹ bá fẹ́ kó sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, lẹ́ńsì 18-55 dára jù ú níbí, ó lè fi ibi tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 àti ààbọ̀ lọ kún gbogbo fọ́tò, tí òwú á hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, èyí tó kéré tó lè dúró lórí tábìlì tó, kí ẹ ṣètò kó yà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ọwọ́ yín má baà mì í. Aṣọ kì í sáré. Àwọn ahunṣọ ló yàtọ̀: ẹ jẹ́ kí ìṣíjú kámẹ́rà wà ní 1/250 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ wọn á di èéfín nígbà tí wọ́n bá ń ju òwú kọjá. Lábẹ́ àtíbàbà, f/1.8 yẹn á gbà yín.

Bí ẹ bá ti yà á tán tí ẹ gbé e sórí fóònù pẹ̀lú Wi-Fi inú rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán fún oníbàárà tó ti fẹ́ sanwó. WhatsApp máa ń fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, gbogbo òwú tí ẹ fi sùúrù yà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà.

Lánre Òṣogbo

Bàbá, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fèsì ọ̀rọ̀ fíláàsì. Lálẹ́, nínú gbọ̀ngán tí wọ́n ti tan iná pọ́pù àti búlúù sí ara ògiri, kò sí f/1.8 tó máa gba èèyàn. Fíláàsì lèmi fi ń là á já, G7 X kò sì ní ibi tí wọ́n ń gbé fíláàsì ńlá lé.

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọlá (Ìbàdàn)

Òtítọ́ lo sọ, ọmọ mi, fún iṣẹ́ tìrẹ DSLR ni. Ẹni tí wọ́n sanwó fún láti ya ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ gbé G7 X nìkan lọ. Ṣùgbọ́n wo 2000D yẹn dáadáa kí o tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni rà á nítorí fíláàsì. Lórí rẹ̀, níbi tí a ń ki fíláàsì bọ̀, àwọn ojú irin kéékèèké wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi jù ní àárín, tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ ní, Canon yọ ọ́ kúrò lára 2000D àti 4000D lọ́dún 2018, wọ́n sì tún yọ ọ́ kúrò lára 250D lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Fíláàsì tó bá gbọ́kàn lé ojú àárín yẹn nìkan, bíi Yongnuo YN560 tó kún ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, o lè gbé e lé e lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní tàn. Àwọn ọmọ kan ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi pé fíláàsì àwọn ti bàjẹ́, tí kò sí ohun tó ṣe fíláàsì náà rárá.

Bí o bá mọ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìnáwó, sọ fún un kó wá 700D tàbí 200D tokunbọ̀. Àwọn yẹn ní ojú àárín yẹn, wọ́n ní ihò tí wọ́n ń ki makirofóònù bọ̀, èyí tí 2000D kò ní, ojú ẹ̀yìn wọn sì ṣeé ṣí kúrò lára kí a yí i. Kó sì fi owó tó kù ra 50mm. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju 2000D tuntun nínú páálí lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Ìyá Abẹ̀kẹ́ sọ pé àwọn fẹ́ máa yà, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn balógun ń gun ẹṣin kọjá nínú oòrùn gangan, DSLR náà ni n bá ní kí wọ́n rà. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń fi ojú sí, oòrùn kò lè bo ohun tí à ń wò níbẹ̀. G7 X kò ní in, ojú dígí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa wò, ọ̀sán gangan sì máa ń jẹ́ kó ṣòro láti rí. Aṣọ òkè lẹ ń tà, ìyá. Ẹ kò nílò ìyẹn.

Ẹ ra G7 X.

Abẹ̀kẹ́ Aláṣọ (Ìsẹ́yìn)

Bàbá, ẹnu mi kò gba ọpẹ́. Mo ti pa gílóòbù, mo ti ta aṣọ funfun sórí ògiri, mo fi fóònù yìí kan náà ya sányán kan, ó ti yàtọ̀! Ahunṣọ wa àgbà wò ó, ó ní "Èyí ni mo hun."

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa lọ wo G7 X náà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á. Tokunbọ̀ ni, kí ni kí n máa wò? Ṣé kí n ra bátìrì kejì?

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọlá (Ìbàdàn)

Inú mi dùn sí ti sányán yẹn púpọ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bó bá gbà. Lẹ́ńsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kó padà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń dún bí ẹni ń jẹ iyanrìn, tàbí tó bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ máa bọ̀ nílé, ẹ má jẹ́ kó fi ẹ̀dínwó tàn yín. Àtúnṣe lẹ́ńsì yẹn lè gba owó tó sún mọ́ iye tí ẹ fi rà á.

Lẹ́yìn náà, eruku. Lẹ́ńsì tó ń jáde tó ń wọlé máa ń fa eruku sínú, ẹ sì mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Eruku tó bá wọ DSLR, a máa ń yọ lẹ́ńsì kí a fẹ́ ẹ jáde. Èyí tó bá wọ G7 X, àfi kí wọ́n tú u. Ẹ yan f/11, ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, ẹ yà á, kí ẹ fa fọ́tò náà wá sítòsí. Bí ẹ bá rí àmì róbótó dúdú, eruku ti wà nínú. Ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́: ohun tó bá rí bí okùn aláǹtakùn tín-ínrín, ìdíbàjẹ́ ọ̀rinrin ni, ẹ má rà á.

Ẹ gbé ojú ẹ̀yìn rẹ̀ sókè sódò, kó má ṣú kó má ṣẹ́jú. Ẹ ya ojú ìwé ìròyìn kan ní f/1.8 láti iwájú tààrà, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí igun kan bá rí bàìbàì gan-an ju àwọn yòókù lọ, ó lè jẹ́ pé ó ti jábọ́ rí.

Bátìrì kejì, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rà á. NB-13L ni orúkọ rẹ̀, ẹ yẹ èyí tó wà nínú kámẹ́rà wò pé kò wú. Ẹ lè fi okùn USB gba iná sí i láì yọ ọ́ jáde, ìyẹn á wúlò fún yín lójú ọ̀nà Èkó. Káàdì SD 32GB kan tó jẹ́ ojúlówó tó fún yín. Bí ẹ kò bá lò ó, ẹ fi í sínú ike onídérí tó há, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, kí ọ̀rinrin ìgbà òjò má baà rí i mú.

Ẹ kọ̀wé síbí bí ẹ bá ti rà á, kí ẹ fi fọ́tò àlàárì kan sí i. Ìyá Ìbejì wà níbí, wọ́n á sọ bóyá àwọ̀ náà dé Peckham bó ṣe wà.